Ìdérí Mẹ́ta fún Àgùntàn Kan

Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Kejì

Dókítà mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò fìyà jẹ ọ́ jù? Èmi wà láàyè, mo dúpẹ́. Orúnkún mi ṣì ń dùn mí tí mo bá ti jókòó sídìí maṣíìnì ju wákàtí méjì lọ, àmọ́ ta ló máa bá mi rán aṣọ àwọn èèyàn? Ojú mi ṣì ń rí ihò abẹ́rẹ́ láìlo awò, ìyẹn náà tó ọpẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgùntàn ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O rántí pápá gbígbẹ tó wà lẹ́yìn ilé wa, níbi tí èmi àti Bàbá Káfíńtà ti máa ń so ẹran wa mọ́lẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ilé sí gbogbo rẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tí koríko kù sí ni àbàtà ẹ̀yìn kòtò àwọn tó ń mọ bíríkì, ibẹ̀ la sì ń so wọ́n sí láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Nígbà tá a kọ́kọ́ kó wọn débẹ̀, wọ́n sanra débi pé àwọn èèyàn ń bi mí léèrè ohun tí mò ń fún wọn jẹ. Mo ń yangàn kiri. Àmọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mẹ́ta nínú mọ́kànlá tèmi ti ń rù. Abẹ́ àgbọ̀n wọn wú, ó rọ̀ bí ẹni pé omi ló wà níbẹ̀. Mo ṣí ìpéǹpéjú wọn wò, inú rẹ̀ funfun, kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Bàbá Káfíńtà ní méje, méjì nínú tirẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ní ká pe dókítà ẹran ti ìjọba, tó máa ń wá sí ọ́fíìsì ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ńlá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní a kì í gbé létí odò ká máa fi itọ́ ṣanwọ́. Èmi tí mo bí dókítà ẹran, kí n tún lọ máa tò sẹ́yìn àwọn èèyàn níwájú ọ́fíìsì ẹlòmíì? Òun náà gbà. O mọ̀ pé láti ìgbà tó o ti kọ̀wé pé ẹ̀dọ̀ ẹran lò ń yẹ̀ wò lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Ìyá Télọ̀ mọ́ ládùúgbò yìí. Ìyá Dókítà ni mí báyìí, mo sì ń jẹ́ ẹ.

Tètè fèsì. Lẹ́tà tó o kọ kẹ́yìn lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lójú ọ̀nà, àgùntàn ò sì mọ̀ pé lẹ́tà là ń dúró dè.

Èmi ìyá rẹ.


Ọjọ́ Kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kejì

Ìyá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dìde rìn díẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti rán ẹ̀wù kan tán, ẹ má jókòó pa orúnkún yẹn.

Ohun tó ń ṣe àwọn àgùntàn yín, ojoojúmọ́ ni mò ń rí i. Aràn ni, àmọ́ kò gùn bí aràn tá a mọ̀. Pẹlẹbẹ ni, bí ewé kékeré, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ilẹ̀. Inú ẹ̀dọ̀ ló ń gbé, ní ọ̀nà tí òróòro ń gbà. Tí èèyàn bá fi ọ̀bẹ la ẹ̀dọ̀ náà, tó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa yọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan sórí tábìlì. Nínú ẹ̀dọ̀ tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bà á jẹ́, àwọn ọ̀nà òróòro á ti le, á máa ha ọ̀bẹ bí ẹni pé iyanrìn wà níbẹ̀.

Bó ṣe ń wọ inú ẹran nìyí. Ẹyin rẹ̀ ń bá ìgbẹ́ àgùntàn jáde. Tó bá bọ́ sínú omi, ó máa pa, ohun kan tí ojú ò lè rí á jáde, á wá ìgbín wẹ́wẹ́ inú ẹrẹ̀ lọ, á wọnú rẹ̀. Inú ìgbín yẹn ló ti ń di púpọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo lè wọlé, kí ọgọ́rùn-ún jáde. Wọ́n á lẹ̀ mọ́ koríko etí omi, wọ́n á fi nǹkan bo ara wọn, wọ́n á máa dúró. Tí àgùntàn bá jẹ koríko náà, àwọn ọmọ aràn á dá ìfun lu, wọ́n á wọ ẹ̀dọ̀, wọ́n á máa jẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá, títí wọ́n á fi dé ọ̀nà òróòro. Ó ń gbà tó oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó dàgbà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́kọ́ sanra lójú yín. Ẹ̀jẹ̀ wọn ló ń tán, ìyẹn ni ojú wọn fi funfun, tí omi fi ń gbára jọ sábẹ́ àgbọ̀n.

Ẹ kó wọn kúrò ní àbàtà yẹn. Oògùn kan wà tó ń pa aràn náà, mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú bébà kékeré tó wà nínú lẹ́tà yìí. Ẹ máa rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oúnjẹ adìẹ. Ẹ fún àgùntàn kọ̀ọ̀kan ní ìdérí ìgò mẹ́ta. Gbogbo wọn ni kẹ́ ẹ fún, títí kan àwọn tára wọn le, torí aràn lè ti wà nínú wọn kó má tíì hàn.

Àmọ́ ẹ ò ṣe pe dókítà ìjọba yẹn náà? Ojú méjì sàn ju ẹyọ kan lọ. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún gbogbo àdúgbò pé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ ṣe é.

Ó ti rẹ̀ mí, Ìyá. A jẹ́ mẹ́rin nínú yàrá, àwọn yòókù fẹ́ pa iná.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kẹta

Dókítà mi,

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, àmọ́ mo ní ìjà pẹ̀lú rẹ. Kí ló dé tó o tún ń tì mí sọ́dọ̀ dókítà ìjọba? Ṣé o ò dá ara rẹ lójú ni? Èwo sì ni kí n má sọ fún àdúgbò? Ohun téèyàn jìyà fún, kó tún máa fi pa mọ́? Mo ka lẹ́tà rẹ sókè fún Bàbá Káfíńtà níwájú ìsọ̀ mi, olórí àwọn tó ń mọ bíríkì dúró gbọ́, oníbàárà mi méjì náà dúró gbọ́. Wọ́n ń mirí.

O ní ká kó wọn kúrò ní àbàtà. Ká kó wọn lọ síbo? Iwájú ilé wa jẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rin sí ojú títì. Lẹ́yìn, ògiri àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fèrèsé mi, èmi gan-an ò rí atẹ́gùn. Mo lọ wo etí omi náà. Mo rí àwọn ìgbín yẹn bó o ṣe wí, wọn ò tó èékánná ìka mi tó kéré jù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n pa, ó sú mi, mo dìde. Ta ló lè ṣa ìgbín tán nínú ẹrẹ̀?

A ra oògùn. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ìdérí kọ̀ọ̀kan ni mo fún tèmi. O mọ̀ mí, mo máa ń wọn aṣọ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fi síṣọ́ọ̀sì kàn án. Mo ní kí n kọ́kọ́ wò ó ná. Bàbá Káfíńtà ní tirẹ̀ ní ohun tí dókítà bá sọ, abẹ gé e. Ìdérí mẹ́ta mẹ́ta ló fún méjèèje, ó tún ń kà á sókè bó ṣe ń dà á sí wọn lẹ́nu.

Ọ̀kan nínú tèmi kú lánàá. A la inú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì rí gẹ́lẹ́ bó o ṣe kọ ọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, àwọn ewé kéékèèké yẹn ń jáde. Bàbá Káfíńtà wò ó títí. Ó ní ẹni tó jìnnà tó báyìí tó mọ ohun tó wà nínú ẹran wa, ọmọ náà mọ̀wé.

Fi fọ́tò rẹ ránṣẹ́, èyí tó o wọ aṣọ funfun. Mo fẹ́ kàn án mọ́ ògiri ìsọ̀. Odidi ọdún méjì, o ò fi ẹyọ kan ránṣẹ́.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Kẹrin

Dókítà mi,

Mi ò tíì rí èsì rẹ, àmọ́ mi ò lè dúró. Àwọn àgùntàn Bàbá Káfíńtà ń rìn lu ògiri. Ó kọ́kọ́ rò pé òǹgbẹ ló ń gbẹ wọ́n. Ó gbé omi síwájú ọ̀kan, ẹran náà tẹ àwo mọ́lẹ̀, kò rí i. Mo ju ọwọ́ síwájú ojú rẹ̀, kò ṣẹ́jú. Mẹ́rin ló fọ́jú. Tèmi ò fọ́jú, àmọ́ méjì míì ti kú.

Ojoojúmọ́ ló ń wá bi mí bóyá lẹ́tà dókítà ti dé. Kò bínú o, ó kàn ń bèèrè ni, ìyẹn ló ń pa mí. Kí ni ká ṣe sí ojú wọn? Má sinmi kó o tó kọ̀wé.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ Kẹrìndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹrin

Ìyá mi,

Ọjọ́ kan náà ni lẹ́tà yín méjèèjì dé. Kẹ́ ẹ tó ka èyí tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ pe dókítà ìjọba. Tí kì í bá ṣe ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ wá ilé rẹ̀ lọ.

Èmi kì í ṣe dókítà. Mi ò fi ọjọ́ kan jókòó ní yunifásítì kankan níbí. Ọkùnrin tó mú wa wá ní ilé ẹ̀kọ́ ló ń mú wa lọ, ilé ìpẹran ló mú wa wá. Orí tábìlì ẹ̀dọ̀ ni wọ́n fi mí sí. Bẹ́líìtì gígùn tí ẹ̀rọ ń yí ń gbé ẹ̀dọ̀ bọ̀, mo máa là á, mo máa tẹ̀ ẹ́. Tí aràn bá wà níbẹ̀, mo máa jù ú sínú bàkéètì pupa, tí kò bá sí, mo máa tì í síwájú. Ó tó ẹgbẹ̀rin lóòjọ́. Mo kọ ọ́ sí yín pé mò ń yẹ ẹ̀dọ̀ ẹran wò, òótọ́ ni. Ẹ̀yin lẹ wá pè mí ní dókítà nínú èsì yín, inú yín sì dùn débi pé mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo rò ó títí, mi ò lè já a gbà lọ́wọ́ yín. Mo ní mo máa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan tó ń bọ̀. Lẹ́ẹ̀kan tó ń bọ̀ náà ló di ọdún méjì.

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa aràn yẹn, ẹnu obìnrin tó ń yẹ ẹran wò fún ìjọba ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹ̀yìn mi ló máa ń dúró sí, ó fẹ́ràn kó máa ṣàlàyé. Àmọ́ mi ò bi í léèrè oògùn, torí mò ń bẹ̀rù kó má bàa bi mí pé ta ni mo fẹ́ fún. Mo rí ọkùnrin tó ń tọ́jú àwọn màlúù tó ń dúró lágbàlá, ìdérí mẹ́ta ló ń fún ọmọ màlúù. Mo wo ọmọ màlúù náà, mo ní kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju àgùntàn lọ. Bí mo ṣe mú un nìyẹn, Ìyá. Ojú ni mo fi wọ̀n ọ́n.

Lónìí mo bi obìnrin náà. Ó ní oògùn yẹn máa ń fọ́ àgùntàn lójú tó bá pọ̀ jù, ojú náà kì í sì í là mọ́. Ó ní kò pa àwọn ọmọ aràn tó ṣì ń gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá pàápàá, àwọn àgbà inú wọn ló ń pa, àti pé ó yẹ kí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n máa bọ̀ wá wò wọ́n.

Ẹ má ní kí n máa bọ̀ nílé. Ìwé ìrìnnà mi wà nínú dùrọ́ọ̀ ọ̀gá, àdéhùn tí mo fọwọ́ sí ku ọdún méjì. Tí mo bá jáde kúrò níléeṣẹ́ yìí, mo ti di arúfin ní ìlú yìí kí n tó dé ìkóríta. Fèrèsé yàrá wa kọjú sí ọgbà tí wọ́n ń já màlúù sí. Àwọn màlúù náà máa ń dúró síbẹ̀, wọ́n á máa wo ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé.

Ẹ dárí jì mí.

Ọmọ yín.


Ogúnjọ́, Oṣù Karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ lórí ìdúró, mo sì tún un kà ní ìjókòó. Aṣọ oníbàárà tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, mo rán ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn.

Inú bí mi. Inú ṣì ń bí mi. Kì í ṣe nítorí iṣẹ́ tí ò ń ṣe, iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́. Ìwọ lo jẹ́ kí n máa jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tèmi níwájú àwọn tó dàgbà jù mí lọ. Mo ti ń dá ẹjọ́ àìsàn ẹran nínú ìsọ̀ yìí. Mo ti bá olórí àwọn tó ń mọ bíríkì wo ewúrẹ́ rẹ̀, mo ní ọmọ mi sọ báyìí, ọmọ mi sọ tọ̀hún. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa ń bá a. Tìrẹ ò tiẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Mo pe dókítà ìjọba. Ọ̀dọ́kùnrin ni, bàtà òjò ló wọ̀ wá, kò bú mi. Ó fún mẹ́jọ tó kù nínú tèmi lóòògùn míì, ó ní òun á padà wá lẹ́yìn oṣù kan àbọ̀. Ó ní ká so wọ́n mọ́lé, ká máa gé koríko wá fún wọn láti òkè, ká má gé ti etí omi. Inú yàrá tí mo ń kó aṣọ sí ni wọ́n wà báyìí, aṣọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Ojú àwọn àgùntàn Bàbá Káfíńtà ò ní là, dókítà náà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Ó wá bi wá pé ta ló ní ìdérí mẹ́ta.

Mo ní èmi ni. Mo ní ìdérí kan lo kọ, èmi ni mo ṣì í kà sí mẹ́ta. Mo ní ìdí nìyẹn tí mo fi fún tèmi ní ẹyọ kan, pé mo tún lẹ́tà wò lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ojú tì mí láti sọ fún Bàbá Káfíńtà. Ó gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ náà, kì í jókòó níwájú ìsọ̀ mi mọ́. Tó bá ń kọjá, á kí mi, á wo ilẹ̀. Àmọ́ ó sọ fún àwọn èèyàn pé dókítà ò jẹ̀bi, àìríran àgbà ni.

Ó ti parí síbẹ̀. Má ṣe sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó rọrùn fún mi kí wọ́n ní mo ti darúgbó, ju kí wọ́n pè ọ́ ní onírọ́. Ibí yìí ni mo wà, mi ò ní ibòmíì tí mo máa lọ. Ìwọ á padà wá bá orúkọ rẹ nílẹ̀.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹfà

Ìyá mi,

Mo kí yín. Mo ka lẹ́tà yín nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ iléeṣẹ́, torí ibẹ̀ nìkan la ti ń dá wà.

Kò parí, Ìyá. Bẹ́ ẹ ṣe gba ẹ̀bi mi rù yẹn, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ àwa méjèèjì ni. Ẹ̀yin ò lè jókòó níwájú ìsọ̀ yín bí ẹni pé ẹ ò ṣe nǹkan kan. Èmi ò lè padà wálé láéláé láìjẹ́ dókítà. Lọ́jọ́ tí mo bá dé, wọ́n á gbé ẹran wá, kí ni mo máa wò lára rẹ̀? Ọdún méjì ni mo máa lò sí i níbí, kò sí ohun tí mo lè ṣe sí ìyẹn. Àmọ́ mi ò ní tún wọ inú irọ́ míì nígbà tí mo bá kúrò.

Mo ti kọ lẹ́tà sí Bàbá Káfíńtà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, iṣẹ́ mi, ọmọ màlúù yẹn, ìdérí mẹ́ta tí mo kọ fúnra mi. Ọwọ́ kan náà ni mo fi sọ tirẹ̀ àti tiyín sínú àpótí. Ìgbà tẹ́ ẹ bá fi máa ka èyí, tirẹ̀ á ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bínú sí mi, àmọ́ ẹ má sọ fún un pé irọ́ ni.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ Karùn-ún, Oṣù Keje

Ọmọ mi,

Bàbá Káfíńtà gbé lẹ́tà rẹ wá fún mi kí n kà á fún un.

O mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀wé kà. O ò ronú débẹ̀, àbí? Ọkàn rẹ wà lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, pé òun ló máa kà á. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ bá ọmọbìnrin wọn tọ́jú ọmọ láti oṣù tó kọjá. Kò sẹ́lòmíì tó mọ̀ ọ́n kà tó lè fi ọ̀rọ̀ dókítà lé lọ́wọ́ àfi èmi, èmi tí mo ti sọ fún un pé mi ò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí mẹ́ta. Ó nà án sí mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, lọ́tẹ̀ yìí, ẹ fara balẹ̀ kà á."

Lẹ́tà tèmi dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì, mi ò tíì ṣí i torí mo fẹ́ parí aṣọ kan. Nítorí náà mi ò mọ nǹkan kan. Ojú mi ti sáré ka ìlà mẹ́ta kí ẹnu mi tó ṣí. Ọmọ mi, mo fẹ́ purọ́. Ó ti wà lórí ahọ́n mi pé dókítà ní kẹ́ ẹ máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ojú wọn. Ì bá gbà á, ì bá lọ gbé omi kaná. Bó ṣe máa gbé omi kaná yẹn ni mo rò tí mi ò fi lè sọ ọ́.

Mo kà á bó o ṣe kọ ọ́, láti orí ìkíni dé ìsàlẹ̀. Ibi tó o ti sọ pé ìyá rẹ purọ́ torí tìẹ, mo kà á fún un pẹ̀lú ẹnu ara mi.

Nígbà tí mo parí, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó bi mí pé láti ìgbà wo ni mo ti mọ̀, mo sọ fún un. Ó ní àgùntàn òun mẹ́rin ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, èmi sì jókòó síbí, mò ń wo òun kọjá lójoojúmọ́. Ó ní òun ò ní tẹ ìsọ̀ mi mọ́. Ó gba lẹ́tà náà, ó ká a, ó fi sápò.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó dúró. O mọ̀ pé ayùn ti mú ìka méjì lọ lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Kò wẹ̀yìn wò mí. Ó ní, "Ẹgbẹ̀rin lóòjọ́, pẹ̀lú ọ̀bẹ, nínú òtútù. Ọwọ́ ọmọ náà ńkọ́?"

Mi ò mọ̀. O ti sọ iṣẹ́ náà fún mi láti oṣù kẹrin, mo bú ọ, mo bò ọ́ láṣìírí, mi ò bi ọ́. Fọ́tò aṣọ funfun ni mo ń bèèrè láti ọdún méjì. Ẹni tá a fọ́ lẹ́ran lójú ló bi mí.

Má kọ nǹkan míì sínú lẹ́tà tó ń bọ̀. Ọwọ́ rẹ ńkọ́, ọmọ mi?

Ìyá rẹ.